Evening Grosbeak: ẹyẹ tó ń ya bo àgbàlá nígbà kan, tí wọ́n wá ń wá kiri báyìí

Tí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ ní Kánádà àti ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, tí ewé ti rẹ̀ dànù tán lórí igi, àwọn kan máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n á wọ kóòtù lé kóòtù, wọ́n á gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọ́ ọrùn, wọ́n á sì máa wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ gba àdúgbò tí wọn kò ti mọ ẹnì kankan kọjá. Orí igi ni wọ́n ń wò, àti ẹ̀yìnkùlé onílé tó bá gbé oúnjẹ ẹyẹ kọ́ síta. Ẹyẹ kan ṣoṣo ló gbé wọn kúrò lórí ibùsùn: Evening Grosbeak. Àwọn kan ti wá a fún ọ̀pọ̀ ọdún tí wọn kò tíì fojú kàn án. Bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá bi àwọn àgbàlagbà àdúgbò náà, wọ́n á gbọ́ pé láyé ọjọ́un, ọ̀wọ́ ńlá ẹyẹ yìí máa ń bà sórí igi kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé, tí igi á sì dà bíi pé ó so èso ìyeyè láàárín yìnyín.

Ibi tí ọ̀wọ́ ńlá yẹn gbà lọ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ìròyìn tí à ń gbọ́ lọ́dọọdún kò ju pé ẹyẹ náà ti dé, tàbí pé kò wá lọ́dún yìí. Kì í sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹyẹ náà. Kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ, ṣùgbọ́n ó ki pọ́pọ́. Akọ rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè tó mọ́lẹ̀ yòò, orí rẹ̀ ṣókùnkùn, ìlà ìyeyè kan sì gba iwájú orí rẹ̀ kọjá lókè ojú, tó fi dà bí ẹni tó fajú ro. Ìyẹ́ apá rẹ̀ dúdú, àmì funfun ńlá sì wà nínú rẹ̀ tó máa ń hàn ketekete nígbà tó bá ń fò. Ti abo jọ eérú, ìyeyè díẹ̀ kàn ta sí i lọ́rùn ni. Àgógó ẹnu rẹ̀ ni ẹ kò ní gbàgbé: ó nípọn, ó lágbára, ó sì ń fi í fọ́ kóró èso ṣẹ́rì bí ẹni fọ́ ẹ̀pà.

Orúkọ rẹ̀ ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Evening túmọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Ní 1823, wọ́n rí ẹyẹ náà ní Sault Ste. Marie ní Michigan nígbà tí ọjọ́ ti ń lọ. Nígbà tí William Cooper wá kọ nípa rẹ̀ ní 1825 tó sì fún un ní orúkọ sáyẹ́ǹsì, ìtàn tó wà nílẹ̀ ni pé inú igbó ló ń fara pa mọ́ sí lọ́sàn-án, ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń jáde wá kọrin. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òwúrọ̀ ló máa ń wá jẹun, tí oòrùn bá sì ti yẹ àtàrí, ó ṣeé ṣe kó ti bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbára lé orúkọ, tó wá jáde ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àfàìmọ̀ ni kò ní padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ó ní ìbátan lọ́dọ̀ wa. Ìbákà olóhùn iyọ̀, èyí tí àwọn èèyàn ń sìn nínú àgò nítorí orin rẹ̀, inú ẹbí kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ẹ̀gà kò sí nínú ẹbí náà, ológoṣẹ́ kò sí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé hóró ni gbogbo wọn ń jẹ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìbákà wa àti ìbátan rẹ̀ ti òkè òkun ni pé yìnyín kì í bo hóró koríko mọ́lẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Kétu. Ìbákà kò ní ìdí láti máa ṣí kiri nínú òtútù.

Àwa náà mọ ẹyẹ tó ń lọ tó ń bọ̀ lóòótọ́. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, lékèélékèé á dé, àwọn ọmọdé á na ọwọ́ sí i pé kó fún àwọn ní èékánná funfun, tí òjò bá sì ń sún mọ́lé, á padà. Lékèélékèé ní àdéhùn pẹ̀lú oṣù. Evening Grosbeak kò ní. Lọ́dún kan, ó lè ya bo ìlú láti Ontario títí dé àwọn ìpínlẹ̀ tó jìnnà sí gúúsù. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ẹ lè rin ibi kan náà fún oṣù márùn-ún, kí ẹ má gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé òtútù ló ń lé e wá, pé bí òtútù bá ti mú jù ni yóò sá wá. Òtútù kọ́. Ìyẹ́ rẹ̀ tó o dáàbò bò. Ẹyẹ tó bá rí oúnjẹ jẹ lè jókòó sínú igbó àríwá títí òtútù yóò fi kọjá. Ebi ló ń lé e.

Àwọn igi ló sì ń dá ebi náà sílẹ̀. Igbó ńlá kan wà tó nà já gbogbo Kánádà láti òkun dé òkun: igi spruce, fir, pine, birch. Àwọn igi yìí kì í so déédéé. Wọ́n á so rẹpẹtẹ lọ́dún kan, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ lọ salalu, bí ẹni pé wọ́n ṣe ìpàdé. Lọ́dún kejì tàbí ìkẹta, wọ́n á dákẹ́. Àwọn onímọ̀ rí ọgbọ́n nínú rẹ̀. Bí igi bá ń so ìwọ̀nba lọ́dọọdún, àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ àti ẹyẹ á pọ̀ tó láti jẹ gbogbo rẹ̀ tán, kò ní sí èyí tó máa hù. Ṣùgbọ́n bí igi bá febi pa wọ́n títí wọ́n fi dín kù, tó wá so lójijì ju ohun tí ẹnu wọn lè jẹ, hóró á ṣẹ́kù sílẹ̀. Ọdún tí igi bá dákẹ́ ni ẹyẹ ń ṣí lọ sí gúúsù. Bí ọdún oúnjẹ bá wá ṣáájú rẹ̀, tí ọmọ ẹyẹ ti pọ̀, ọ̀wọ́ tó ń ṣí á pọ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ.

Ní 2015, Courtenay Strong, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí Pine Siskin, ìbátan Evening Grosbeak tó kéré gan-an. Wọ́n fi ìṣípòpadà ẹyẹ náà wé ojú ọjọ́, wọ́n sì rí i pé òjò àti ooru máa ń ṣe bí òṣùwọ̀n lórí ilẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà: bí ó bá dára fún igi ní apá kan, á burú ní apá kejì, ọwọ́ òṣùwọ̀n náà á sì tún yí padà tó bá yá. Ibi tí wọ́n ti rí ìsọfúnni tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ló wú mi lórí jù. Ilé àwọn èèyàn ni. Àwọn ará àdúgbò tó jókòó sẹ́yìn fèrèsé, tí wọ́n ka ẹyẹ tó wá jẹun, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún gbáko, láìgba kọ́bọ̀.

Bí ẹyẹ bá ṣe fò là á sọ̀kò rẹ̀, ṣùgbọ́n Ron Pittaway ní Ontario fẹ́ mọ bí yóò ṣe fò kó tó fò rárá. Láti 1999 ló ti ń ṣe é: kí òtútù tó dé, ó máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú igbó àti àwọn tó ń gbé etí igbó nípa bí spruce ṣe so, bí birch ṣe rí, bóyá èso igi mountain-ash pọ̀. Yóò wá kó ìdáhùn wọn pọ̀, yóò sì kéde pé irú ẹyẹ báyìí yóò ṣí lọ́dún yìí, irú báyìí yóò jókòó sílé. Ní 2020 ó gbé iṣẹ́ náà lé Tyler Hoar lọ́wọ́, Finch Research Network tí Matthew Young dá sílẹ̀ ló sì ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ náà jáde báyìí. Òtútù 2020 sí 2021 tó tẹ̀lé e wá di mánigbàgbé. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìkankan nínú àwọn ẹyẹ ẹbí yìí tí kò ṣí, Evening Grosbeak sì dé ibi tí wọn kò ti rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àrùn kòrónà ti sé àwọn èèyàn mọ́lé nígbà náà. Ọ̀pọ̀ tí kò wo ẹyẹ rí láyé wọn ló rí i láti ojú fèrèsé yàrá ìdáná.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọdún kan tó dára bẹ́ẹ̀ tàn wá. Ẹyẹ yìí ti dín kù gan-an. Láti mọ bó ṣe dín kù, ó yẹ ká mọ bó ṣe pọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé ìtàn rẹ̀ kò lọ tààrà.

Ẹyẹ ìwọ̀-oòrùn ni. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn ará Boston àti New York kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Òtútù 1889 sí 1890 ni ọ̀wọ́ ńlá kọ́kọ́ ya dé New England. Ohun mẹ́ta ló fà á wá sí ìlà-oòrùn tó sì dá a dúró síbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni igi box elder tí àwọn èèyàn ń gbìn sí ìlú fún ìbòòji, tí hóró rẹ̀ máa ń so rọ̀ sórí ẹ̀ka jálẹ̀ ìgbà òtútù. Lẹ́yìn náà ni hóró sunflower tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé síta fún ẹyẹ. Ẹ̀kẹta, tó sì ju méjèèjì lọ, ni kòkòrò kan.

Spruce budworm ni wọ́n ń pè é. Ọmọ àfòpiná kékeré kan ni, ewé fir àti spruce ló ń jẹ. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n sí ogójì ọdún síra, á pọ̀ lọ bí eṣú, á jẹ igbó tán títí gbogbo òkè á fi pọ́n bí ẹni pé iná jó o. Lójú ẹni tó ń ta igi gẹdú, àjálù ni. Lójú Evening Grosbeak, ọdún àsè ni, nítorí pé kòkòrò yìí ló ń fi bọ́ ọmọ rẹ̀ nínú ìtẹ́. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò náà pọ̀ kọjá sísọ ní ìlà-oòrùn Kánádà. Ìjọba ń fi ọkọ̀ òfuurufú fọ́n oògùn apakòkòrò sórí igbó. Ẹyẹ náà sì ń pọ̀ sí i pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀, títí ó fi di pé tó bá dé ẹ̀yìnkùlé ní ìgbà òtútù, àpò sunflower kan kì í pẹ́ tán. Ìgbà yẹn ni àwọn àgbàlagbà ń rántí. Nígbà tí kòkòrò náà rọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ tẹ̀lé e.

Àwọn tó ń kópa nínú Project FeederWatch, ètò kíka ẹyẹ láti ilé tí Yunifásítì Cornell àti ẹgbẹ́ Birds Canada ń ṣe, ló rí i kedere. Láàárín 1988 sí 2006, iye ibi tí wọ́n ti ń rí Evening Grosbeak dín kù sí ìdajì. Níbi tó sì ti ṣẹ́kù, iye tó wà nínú ọ̀wọ́ kan fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ní 2016, ẹgbẹ́ Partners in Flight ṣírò pé láti 1970, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún ẹyẹ yìí ló ti lọ. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀dá tó wà nínú ewu ní Kánádà kà á mọ́ àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣọ́.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fọwọ́ rọ́ iye yẹn sẹ́yìn pé ọdún tí ẹyẹ pọ̀ jù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìṣírò, pé ó kàn ń padà sí bó ṣe wà kó tó wá sí ìlà-oòrùn ni. Òótọ́ wà nínú ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà: 1970 kì í ṣe ọdún lásán fún ẹyẹ yìí. Ṣùgbọ́n kò tó láti fi pa wá lẹ́nu mọ́. Ẹyẹ náà ń dín kù ní ìwọ̀-oòrùn pẹ̀lú, níbi tó jẹ́ ilé rẹ̀ gan-an látilẹ̀wá. Kì í sì í ṣe kòkòrò nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń gé igbó àgbà. Gíláàsì fèrèsé ń pa á, nítorí pé kò mọ̀ pé igi tí òun rí nínú rẹ̀ kì í ṣe igi. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́ tún ń pè é: ọ̀wọ́ rẹ̀ á bà sójú ọ̀nà láti jẹ iyọ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́, ọkọ̀ á sì gba àárín wọn kọjá. Nígbà tí ìwádìí 2019 sọ pé ẹyẹ bílíọ̀nù 2.9 ló ti dín kù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà láti 1970, irú ikú ọ̀nà púpọ̀ báyìí ló wà nínú rẹ̀.

Kòkòrò náà ti padà dé. Láti 2006 ló ti tún ń jẹ igbó Quebec. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń wá ẹyẹ yìí fi ń tẹ́tí sí ìròyìn igbó báyìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ tó padà dé yóò mú ẹyẹ padà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wá a? Etí ló ń ṣáájú ojú. Ẹyẹ yìí kì í kọrin bí ìbákà. Ohùn kan ṣoṣo tó ń dún bí agogo kékeré ló máa ń jù sílẹ̀ bó bá ń fò kọjá. Ohùn náà kò sì rí bákan náà níbi gbogbo. Oríṣi márùn-ún ni àwọn onímọ̀ ti yà sọ́tọ̀, bí ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú àti ti Èkìtì, ẹ̀kẹta ni wọ́n sì ń gbọ́ jù ní ìlà-oòrùn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń bẹ ẹni tó bá rí i pé kó fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti wá. Àwọn ibi kan wà tí ẹni tó ń wá a kì í fi í sílẹ̀: Sax-Zim Bog ní Minnesota, àti ibùdó àlejò Algonquin Park ní Ontario, níbi tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ síta fún un. Àwọn mìíràn ń tẹ̀ lé eBird, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ ohun tó rí àti ibi tó ti rí i.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń wá a kiri mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ kò rí i kò ṣòfò. FeederWatch ń béèrè pé kí ẹni tí ẹyẹ kankan kò wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kọ òdo, kó sì fi ránṣẹ́. Bí gbogbo ẹni tí kò rí nǹkan bá dákẹ́, àwọn tó rí nìkan ló máa wà nínú ìwé, ẹyẹ tó ń tán lọ á wá dà bí ẹyẹ tó wà níbi gbogbo. Òdo tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kọ lọ́dọọdún wà lára ohun tó jẹ́ ká mọ̀ pé ìdajì àwọn ibi náà ti ṣófo.

Ìṣòro kan tún wà tí mo mọ̀ pé yóò kan àwọn ará wa tó wà lọ́hùn-ún. Ilé onílé ni ẹyẹ yìí sábà máa ń bà sí. Ẹni tó ń wá a á dúró sójú títì àdúgbò tí kì í ṣe tirẹ̀, á gbé awò sójú, á kọjú sí ilé ẹlòmíràn. Ẹni dúdú tó bá ṣe èyí mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 2020, Christian Cooper, ọkùnrin dúdú kan tó ń wo ẹyẹ ní Central Park ní New York, ní kí obìnrin kan fi okùn so ajá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ibẹ̀. Obìnrin náà pe ọlọ́pàá pé ọkùnrin dúdú ń halẹ̀ mọ́ ẹ̀mí òun. Fídíò ọ̀rọ̀ náà ká gbogbo ayé, kí oṣù náà sì tó parí, àwọn ọ̀dọ́ dúdú onímọ̀ ẹ̀dá ti dá Black Birders Week sílẹ̀, tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún títí di òní. Nítorí náà, ẹ bá ẹgbẹ́ tó ń wo ẹyẹ ní ìlú yín jáde tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì gbọ́ pé ẹyẹ wà nílé ẹnì kan, ẹ kọ́kọ́ kí onílé kí ẹ tó gbé awò sójú. Àwa kọ́ ni wọ́n máa kọ́ ní ìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni inú wọn á dùn láti ní kí ẹ wọlé, kí ẹ wá wò ó láti ojú fèrèsé níbi tí iná ti ń yá.

Ẹni tó bá fẹ́ kó wá sí ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀, hóró sunflower nínú àwo fífẹ̀ ni kó gbé síta, nítorí pé àwo tóóró kò gba ara rẹ̀. Kó sì máa fọ̀ ọ́. Nínú òtútù 2020 sí 2021 tí mo sọ yẹn, àrùn salmonella pa Pine Siskin rẹpẹtẹ lórí àwo ìdọ̀tí, débi pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ní kí àwọn èèyàn gbé àwo wọlé fún ìgbà díẹ̀.

Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹrin ni FeederWatch fi ń gba iye. Bí òtútù bá ti ń lọ, ẹ wo àgógó ẹnu akọ tó bá ṣì kù lọ́dọ̀ yín. Funfun bí egungun ló jẹ́ jálẹ̀ ìgbà òtútù. Tí igi bá ti fẹ́ rúwé, á yí padà di àwọ̀ ewé tútù. Lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan, orí igi á ṣófo, ẹ ó sì kọ òdo.